Ẹnu Amọ̀nà àti Ilé Àwókù: Ìrìn Àfẹsẹ̀rìn ní Àwọn Ìlú Àtijọ́ Etí Òkun Mẹditaréníà

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kò kan ẹni tí ó wọ ilé onílé nìkan; ó kan gbogbo ẹni tí ó bá dúró níwájú ilé àwókù tí kò sì mọ ohun tí ilé náà jẹ́ kí ó tó wó. Lọ́dọọdún ni ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ń rìnrìn àjò lọ sí àwọn ìlú àtijọ́ tí ó yí Òkun Mẹditaréníà ká: Áténì ní ilẹ̀ Gíríìsì, Róòmù, Venice àti Pompeii ní ilẹ̀ Ítálì, Syracuse ní erékùṣù Sísílì. Ohun tí ojú lásán ń rí ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibi wọ̀nyí kò ju òpó tí ó ti ya, ògiri tí kò ní òrùlé àti òkúta tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ dán. Ẹni tí ó ń sọ òkúta náà di ìlú padà ni amọ̀nà: ọmọ ìlú, tàbí ẹni tí ó ti gbé ìlú náà pẹ́, tí ó ń ṣíwájú àwọn àlejò, tí ó ń dúró níbi tí ó yẹ kí wọ́n dúró, tí ó sì ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò.

Èrèdí àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí iṣẹ́ amọ̀nà ti rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́, àti ìṣòro tí ó rọ̀ mọ́ ọn. Kókó tí àlàyé náà dúró lé ni pé ó yẹ kí a ka ọ̀rọ̀ amọ̀nà sí oríṣi lítíréṣọ̀ alohùn kan tí ó ní ìlànà tirẹ̀, àti pé ìbéèrè tí ó wà lórí rẹ̀ kò tíì yí padà láti nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn: ṣé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni amọ̀nà ń sọ ni, tàbí ohun tí àlejò fẹ́ gbọ́?

2.0 Amọ̀nà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ará àtijọ́

Iṣẹ́ amọ̀nà kì í ṣe iṣẹ́ àná. Ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, Herodotus, ọmọ Gíríìkì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní baba àwọn òpìtàn, kọ ìròyìn nípa Íjíbítì. Ó ní ògbifọ̀ kan ka àkọlé ara pírámíìdì ńlá fún òun, àti pé iye owó tí wọ́n ná lórí àlùbọ́sà, aáyù àti ewébẹ̀ mìíràn fún àwọn òṣìṣẹ́ ni ó wà níbẹ̀. Iye náà sì jẹ́ 1,600 tálẹ́ńtì fàdákà. Herodotus kò lè ka àkọlé ilẹ̀ Íjíbítì fúnra rẹ̀. Ẹnu ògbifọ̀ ni ó gbójú lé. Àwọn onímọ̀ òde òní ń ṣiyèméjì pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ sára ibojì ọba, síbẹ̀ owó àlùbọ́sà náà kò kúrò nínú ìwé ìtàn títí di òní. Àpẹẹrẹ yìí fi ipò amọ̀nà hàn kedere. Òun ni ó dúró láàárín àlejò àti ohun tí àlejò kò lè kà. Ohun tí ó bá sọ ni àlejò yóò gbé lọ sílé.

Ẹ̀rí kejì wá láti Sísílì. Gaius Verres ṣe gómìnà erékùṣù náà láti ọdún 73 sí 71 ṣáájú ìbí Kristi, ó sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère àti ohun ọ̀ṣọ́ inú tẹ́ḿpìlì lọ. Nígbà tí Cicero pè é lẹ́jọ́ ní ọdún 70, ó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀sùn náà pé iṣẹ́ àwọn amọ̀nà Syracuse ti dorí kodò. Tẹ́lẹ̀ rí, ohun tí ó wà ní ibi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi han àlejò. Lẹ́yìn tí Verres kọjá, ohun tí wọ́n ti kó lọ níbi kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá ń fi hàn. Ìtumọ̀ èyí ni pé amọ̀nà lè nawọ́ sí àyè òfìfo kí àlejò sì rí nǹkan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ Cicero yìí kan náà ni àwọn ará Ítálì mú sọ amọ̀nà ní cicerone ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún lẹ́yìn náà, nítorí pé ẹni tí ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni Cicero.

Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta mìíràn fi ojú amọ̀nà tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára hàn. Plutarch, tí ó jẹ́ àlùfáà ní Delphi, kọ nípa àwọn amọ̀nà ibẹ̀ tí wọ́n ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ́ sórí láìfo ọ̀kan, bí àwọn àlejò tilẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gé e kúrú. Lucian, tí ó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Kristi, fi ọ̀rọ̀ sí ẹni kan lẹ́nu nínú ìwé rẹ̀ pé bí wọ́n bá mú ìtàn àròsọ kúrò ní ilẹ̀ Gíríìsì, ebi ni yóò pa àwọn amọ̀nà kú, nítorí pé àlejò kò ní fẹ́ gbọ́ òtítọ́, ì báà jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí ohun tí àwọn àgbà Yorùbá wí, pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Ní ọ̀rúndún kan náà ni Pausanias rin ilẹ̀ Gíríìsì já, tí ó sì kọ ìwé mẹ́wàá lórí ohun tí ó rí. Ó fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu àwọn amọ̀nà, ṣùgbọ́n ó sọ nípa àwọn ti ìlú Argos pé àwọn fúnra wọn mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí àwọn ń sọ ni ó jóòótọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni, nítorí pé kò rọrùn láti yí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn padà kúrò nínú ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́.

Bí a bá gbé àwọn ẹ̀rí wọ̀nyí lé orí ara wọn, àbùdá mẹ́ta ni ó hàn. Èkíní, ọ̀rọ̀ amọ̀nà jẹ́ ohun àkọ́sórí tí ó ní ètò àti ibi ìdúró. Èkejì, olùgbọ́ wà lára ohun tí ó ń darí rẹ̀, nítorí pé lọ́wọ́ olùgbọ́ ni oúnjẹ amọ̀nà ti ń wá. Ẹ̀kẹta, ohun tí ìlú gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ máa ń wọnú rẹ̀, yálà ó bá ẹ̀rí mu tàbí kò bá a mu.

3.0 Ohun tí ẹsẹ̀ ń kọ́ni

Ìwé lè sọ ìtàn ìlú. Àwòrán lè fi ìrísí rẹ̀ hàn. Ohun tí ìrìn àfẹsẹ̀rìn ń fi kún un ni ìwọ̀n ara ènìyàn. Pompeii ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù fún èyí. Òkè oníná Vesuvius bú gbàmù ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Kristi, ó sì bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1748 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wú u jáde, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀.

Láàárín àwọn òpópó ibẹ̀ ni òkúta gbàǹgbà-gbàǹgbà wà tí wọ́n tò sọ dá ojú ọ̀nà, tí àyè sì wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Àlejò tí ó dá wà yóò kà wọ́n sí ìdènà. Amọ̀nà kì í yára ṣàlàyé. Ó máa ń ní kí àwọn àlejò gba orí òkúta náà kọjá. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bá ti mọ̀ ọ́n ni yóò sọ fún wọn pé omi àti ìdọ̀tí a máa ṣàn ní ojú òpópó, pé orí òkúta wọ̀nyí ni àwọn ará ìlú ń gbà sọdá kí ẹsẹ̀ wọn má baà tutù, àti pé àyè tí ó wà láàárín wọn ni àgbá kẹ̀kẹ́ ẹrù ń gbà kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò nawọ́ sí ipa àgbá kẹ̀kẹ́ tí ó ti jẹ òkúta ilẹ̀ wọnú. Bí ó ṣe ń rìn lọ, yóò dé ilé ìṣebúrẹ́dì, níbi tí ọlọ òkúta ńláńlá àti ààrò ṣì dúró sí. Wọ́n bá búrẹ́dì tí iná ti sọ di èédú nínú irú ààrò bẹ́ẹ̀ ní ìlú náà. Láti ojú ọ̀nà dé ọlọ, láti ọlọ dé ààrò, àlàyé ń tọ ipa ẹsẹ̀. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀rọ̀ kò yàtọ̀ sí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀nà.

Ní Áténì, òkè ni ìrìn náà ń gùn. Apá gúúsù Akirópólísì ni gbọ̀ngàn eré Dionysus wà, níbi tí wọ́n ti ṣe eré Aeschylus, Sophocles àti Euripides. Láti ibẹ̀ ni àlejò lè gòkè lọ sí ẹnu ibodè ńlá, kí ó sì jáde sí iwájú Parthenon. Wọ́n kọ́ tẹ́ḿpìlì yìí láàárín ọdún 447 sí 432 ṣáájú ìbí Kristi fún òrìṣà Athena. Ó di ilé ìjọsìn àwọn onígbàgbọ́. Nígbà tí àwọn ará Tọ́kì gba ìlú náà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, ó di mọ́sáláásí. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1687, nígbà tí ogun Venice dó ti ìlú náà, ọta àgbá bọ́ sínú ẹ̀tù tí àwọn ará Tọ́kì kó pamọ́ síbẹ̀, àárín ilé náà sì fọ́ dànù. Láti ọdún 1801 ni àwọn ènìyàn Lord Elgin ti ń yọ ère ara rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rà wọ́n ní ọdún 1816, wọ́n sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí yìí, ilé kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ pọ̀. Amọ̀nà tí ó bá sọ ti ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi nìkan ti fo ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ènìyàn fi gbàdúrà lábẹ́ òrùlé kan náà lórúkọ ẹ̀sìn mìíràn. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ó yan ohun tí ó sọ. Yíyàn yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ gbogbo rẹ̀ tán lábẹ́ oòrùn láàárín wákàtí méjì. Nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Akirópólísì tí wọ́n ṣí ní ọdún 2009, àwọn ère tí ó kù sí Áténì àti ẹ̀dà pílásítà funfun ti àwọn tí ó wà ní ìlú òkèèrè ni wọ́n tò pọ̀ sí ojú kan náà. Amọ̀nà tí ó bá dúró níbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí Cicero sọ pé àwọn ti Syracuse ń ṣe: ó ń fi ohun tí wọ́n ti kó lọ hàn.

4.0 Nígbà tí ẹ̀rí tuntun bá dé

Ìdánwò tí ó le jù fún amọ̀nà ni ọjọ́ tí ohun tí ó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ bá yẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń sọ ní Pompeii pé òkè náà bú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ẹ̀dà lẹ́tà Pliny Kékeré tí ó lókìkí jù. Ní ọdún 2018, wọ́n rí ọ̀rọ̀ kan tí ẹnì kan fi èédú kọ sára ògiri ilé tí àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ó wà níbẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá. Kò sí ọdún lára rẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé ohun tí a fi èédú kọ kì í pẹ́ parẹ́, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé oṣù díẹ̀ ti kọjá lórí oṣù Kẹjọ kí òkè náà tó bú. Àríyànjiyàn lórí rẹ̀ kò tíì parí pátápátá.

Àpẹẹrẹ kejì wọni lára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1863, Giuseppe Fiorelli, tí ó jẹ́ olórí iṣẹ́ ìwúlẹ̀ ní Pompeii, dá ọgbọ́n kan. Ara àwọn tí ó kú ti jẹrà, ó sì fi ihò sílẹ̀ nínú eérú tí ó ti le. Ó da pílásítà sínú irú ihò bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó gan, ìrísí olóògbé náà yọ. Lára irú ère tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni ti àgbàlagbà kan pẹ̀lú ọmọdé, nínú ilé tí wọ́n sọ ní Ilé Ẹ̀gbà Wúrà nítorí ẹ̀gbà tí ó wà lọ́wọ́ àgbàlagbà náà. Ìyá àti ọmọ ni wọ́n ń pè wọ́n. Ta ni kò ní gbà bẹ́ẹ̀? Ẹ̀gbà wúrà wà lọ́wọ́, ọmọ sì wà lára. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n yẹ àbùdá àjogúnbá inú egungun wò tẹ àbájáde wọn jáde: ọkùnrin ni àgbàlagbà náà, kò sì bá ọmọ náà tan.

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a fi ìyàtọ̀ sí àárín irọ́ àti àṣìṣe. Kì í ṣe amọ̀nà ni ó pilẹ̀ ìtàn ìyá àti ọmọ. Àwọn tí ó wá ṣáájú, tí wọ́n fi ojú ìgbà tiwọn wo ẹ̀gbà, ni wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Amọ̀nà gbà á gbọ́, ó sì gbé e kiri. Ibi tí ẹ̀bi rẹ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀ ni bí ó bá gbọ́ àbájáde tuntun tí ó sì ń sọ ti àtijọ́ lọ nítorí pé òun ni ó ń mú àlejò sọkún, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Argos ti ṣe. Ó sì yẹ kí a ṣàkíyèsí pé ìtàn tuntun náà kò fúyẹ́. Ọkùnrin kan àti ọmọdé tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ kú sí ojú kan ní ọjọ́ àjálù. Bóyá ó ń gbìyànjú láti gba ọmọ náà là ni o, bóyá ìjàǹbá ni ó kó wọn pọ̀ ni o, kò sí ẹni tí ó lè sọ. Amọ̀nà tí ó bá ní àyà láti dákẹ́ níbẹ̀, kí ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún àlejò, ti ṣe iṣẹ́ tí ó ju ti akéwì lọ.

5.0 Ta ni ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀?

Nítorí pé ọ̀rọ̀ amọ̀nà lágbára tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìjọba kò fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá wù. Ilẹ̀ Gíríìsì ṣe òfin lórí iṣẹ́ náà ní ọdún 1977; ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kí ó sì gba ìwé àṣẹ. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà ní Ítálì àti Faransé pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ náà di ẹjọ́ nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù pe orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé bí amọ̀nà kan bá ti orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà kó àwọn èrò tirẹ̀ wá, ṣé dandan ni kí ó gba ìwé àṣẹ ìlú tí wọ́n wá wò kí ó tó lè la ẹnu?

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1991, ilé ẹjọ́ àjọ náà dá àwọn ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́bi. Ó gbà pé ohun iyì ni kí ìmọ̀ nípa ogún ìlú tàn kálẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ìwé àṣẹ tí wọ́n sọ di dandan náà ti pọ̀ jù, nítorí pé ó lè mú kí àlejò pàdánù amọ̀nà tí ó gbọ́ èdè rẹ̀, tí ó sì mọ ohun tí ó ń wá. Ibi tí ó yọ sílẹ̀ ni àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ibi ìtàn tí ó jẹ́ pé amọ̀nà tí ó kọ́ṣẹ́ nìkan ni ó lè mú ènìyàn wọ̀ ọ́.

Ẹjọ́ yìí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà jẹ́ amọ̀nà rere: kí ó mọ ilẹ̀, tàbí kí ó mọ àlejò. Ọmọ ìlú mọ igun tí oòrùn kì í dé, ó mọ ilé tí wọ́n wó ní ìgbà èwe rẹ̀, ó sì mọ orúkọ tí àwọn ìyá-ìyá rẹ̀ ń pe ojúbọ tí ìwé ń pe ní nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó tẹ̀lé èrò wá mọ ohun tí yóò rú wọn lójú àti ohun tí kò ní yé wọn bí a kò bá fi ti ilé wọn wé e. Òfin lè yẹ ìmọ̀ àkọ́kọ́ wò nínú ìdánwò. Kò sí ìdánwò tí ó lè yẹ èkejì wò dáadáa. Ìjiyàn náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni Ítálì ṣe òfin tuntun tí ó gbé ìdánwò kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo amọ̀nà orílẹ̀-èdè náà.

6.0 Ọ̀pọ̀ èrò àti ohùn amọ̀nà

Ìṣòro tí ó kù ni ti èrò tí ó pọ̀ jù. Lítíréṣọ̀ alohùn kò lè wà láìsí olùgbọ́, ṣùgbọ́n olùgbọ́ tí ó bá pọ̀ rẹpẹtẹ ń sọ ọ́ di ariwo. Ní oṣù Keje ọdún 2023, ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ti Akirópólísì pa ní àwọn wákàtí ọ̀sán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi òpin sí iye àlejò ibẹ̀ ní 20,000 lójúmọ́, pẹ̀lú wákàtí tí olúkúlùkù gbọ́dọ̀ wọlé. Pompeii gbé iye kan náà kalẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ní Venice, ní ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ìwọ̀lú lọ́wọ́ àlejò tí kò ní sùn ní àwọn ọjọ́ kan, wọ́n ní ọ̀wọ́ àwọn tí ó ń tẹ̀lé amọ̀nà kan kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 25 lọ, wọ́n sì ka ẹ̀rọ gbohùngbohùn léèwọ̀ fún àwọn amọ̀nà.

Nítorí àwọn ará ìlú tí ń gbé ibẹ̀ àti òkúta tí ń jẹ ni wọ́n ṣe ṣe òfin wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ó ṣe ọ̀rọ̀ amọ̀nà náà láǹfààní. Níwájú ènìyàn 25, amọ̀nà lè wo ojú olùgbọ́ kí ó mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àkọ́sórí nìkan ni ó kù fún un. Ohùn inú ẹ̀rọ tí àwọn àlejò mìíràn ń fi sétí náà ní ìwúlò tirẹ̀, ó sì dín owó kù. Síbẹ̀, amọ̀nà Delphi tí Plutarch ráhùn nípa rẹ̀ ni ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́: ó ń sọ ohun tí wọ́n ti fi sí i lẹ́nu tán, kò sì mọ ẹni tí ó rẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé tí ó ṣáájú ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ amọ̀nà ní ìlànà, ó ní olùgbọ́, ó sì ní ojú àgbéṣeré, èyí tí í ṣe ìlú náà fúnra rẹ̀. Àwọn ará àtijọ́ ti mọ àléébù rẹ̀: àsọtúnsọ, ìfẹ́ owó àti ẹ̀rù láti já olùgbọ́ kulẹ̀. Àwọn àléébù náà kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá torí wọn sọ pé ìwé nìkan ti tó yóò rántí pé láti inú ìwé ni ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ti wá, àti pé àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n kọ́kọ́ rí ìyá níbi tí ọkùnrin wà.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n amọ̀nà kì í ṣe pé kò ṣi ọ̀rọ̀ sọ rí. Òṣùwọ̀n rẹ̀ ni kí ó lè ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ fún àlejò níbi kọ̀ọ̀kan tí ó bá dúró sí: ohun tí ojú ń rí, ohun tí ẹ̀rí fi múlẹ̀, àti ohun tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń sọ. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kì í ṣe ohun àdànù, nítorí pé òun náà jẹ́ apá kan ìtàn ìlú. Ohun tí kò tọ́ ni kí a wọ aṣọ ẹ̀rí fún un. Àlejò tí ó bá rí amọ̀nà bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé yóò padà sílé pẹ̀lú ojú tí ó ń ríran, yóò sì lè dá dúró níwájú ilé àwókù mìíràn, kí ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè.